Búrẹ́dì Tí Kò Ní Ọ̀rá

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fi jẹun láyé, ohun tí mo máa ń sọ ni pé mo ń wọṣọ fún búrẹ́dì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé búrẹ́dì náà ń wọṣọ ni?" Mo ní ó ń wọṣọ, ọmọ mi, ìhòòhò ló sì máa rìn wọjà bí kò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀ fún un. Ẹlòmíràn ló ń po ìyẹ̀fun, ẹlòmíràn ló ń ṣọ́ ààrò. Èmi ni mo ń dúró síbi tí búrẹ́dì ti ń jáde, tí mo ń dì í kó tó bọ́ sójú ayé. Ilé búrẹ́dì kan ṣoṣo ní Accra yìí ni mo ti ṣe é, láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí tó fi funfun. Ọdún tó kọjá ni orúnkún mi sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ló mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà Agbogbloshie, tí ẹ ń fi èékánná ha èyí, tí ẹ ń gbé tọ̀hún sókè, tí ẹ ń bèèrè èyí tí kò ní jẹrà. Ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta ọjà wẹẹrẹ ní Tudu. Lẹ́yìn ibùdókọ̀ níbẹ̀ ni ilé búrẹ́dì Màámi Sàlámátù wà, ará ìlú wa ni àwọn náà. Bàbá mi mú mi dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọmọ yìí dènìyàn." Màámi wo ọwọ́ mi méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n ní kí n lọ fọṣẹ fọ̀ ọ́ wá. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Owó ọ̀yà ńkọ́? Ebi kò pa mí, n kò sì dolówó. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà náà, pépà aláwọ̀ kòkó la fi ń di búrẹ́dì. Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá dé ibẹ̀ ni n ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Irọ́ ni. Pépà òfìfo ni Màámi kó lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n ṣẹ́ ẹ, kí n tú u, kí n tún ṣẹ́ ẹ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, èmi ń ṣẹ́ pépà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí igun rẹ̀ bá wọ́, Màámi á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi gbá mi lórí, wọ́n á ní, "Ọwọ́ tí pépà ń yàn jẹ kò gbọdọ̀ kan búrẹ́dì mi."

Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n kan búrẹ́dì, òfin kan ni wọ́n fún mi. Wọ́n ní, "Búrẹ́dì tó ń làágùn kì í wọṣọ." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o kò gbọdọ̀ di búrẹ́dì tí ooru kò tíì kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ la fi ń dán an wò, a kì í fi àtẹ́lẹwọ́, torí àtẹ́lẹwọ́ ti jẹ iná títí, kò mọ gbígbóná mọ́. Wàá gbé búrẹ́dì náà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́, wàá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ooru máa ń sá pamọ́ sí.

Lọ́jọ́ kan, àwọn oníbàárà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sáré di gbígbóná fún wọn. Màámi gba ọ̀kan padà lọ́wọ́ obìnrin tó rà á, wọ́n tú u lójú gbogbo ayé. Omi ń ṣẹ́ lára pépà. Wọn ò bú mi. Súwẹ́tà ọkọ wọn, èyí tó nípọn jù, ni wọ́n lọ mú wá. Wọ́n ní kí n wọ̀ ọ́, kí n bọ bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, kí n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

"Táù, ṣé ara tù ọ́?"

"Rárá, Màámi."

"Báyẹn ló ṣe rí lára búrẹ́dì. Dúró síbẹ̀ kẹ́ ẹ jọ mọ ara yín."

Títí mo fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, n kò tún di búrẹ́dì gbígbóná mọ́.

Lẹ́yìn náà ni rọ́bà dé. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí, torí òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Àpò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó ń dán, tí èèyàn ń rí inú rẹ̀, tí wọ́n ń kó ọjà sí, rọ́bà ni gbogbo Accra ń pè é. Àwọn Ga pè é bẹ́ẹ̀, àwọn Fante pè é bẹ́ẹ̀, àwa Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tí wọ́n ń pè ní Anago, náà gbà á lẹ́nu wọn. Lójú tiwa, ọ̀rá ni ọ̀rá ẹran, ọ̀rá ni bọ́tà inú búrẹ́dì. Kò ní ìtumọ̀ kejì. A kò rántí pé àwọn ará ilé ní Ìbàdàn àti l'Ékòó, àpò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní ọ̀rá.

Rọ́bà sọ iṣẹ́ mi di fàájì. Pépà a máa mu omi ara búrẹ́dì, rọ́bà kì í mu ún. Iná àbẹ́là la kọ́kọ́ fi ń lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, èékánná mi sì gbà á. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ oníná mànàmáná dé, tó ń gé e jẹ bí ẹni gé ètè jẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Onírọ́bà kí n tó di bàbá ẹnikẹ́ni, inú mi sì ń dùn. Òjò á rọ̀ ní Kaneshie, gọ́tà á pọ rọ́bà sójú títì, n ó gbé ṣòkòtò mi sókè, n ó fò ó kọjá. N kò rò pé ó kàn mí.

Ọjọ́ gorí ọjọ́. Ojú Màámi di bàìbàì, wọ́n ń jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, Rìsí ọmọ wọn ló ń darí ilé iṣẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ilé búrẹ́dì ńlá kan gbé ọkọ̀ jáde, tó ń gbé búrẹ́dì dé ẹnu ọ̀nà oníṣọ́ọ̀bù káàkiri. Oníbàárà wa ń fà sẹ́yìn. A paná ààrò kan nínú méjì. Rìsí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Táù, bí a ò bá rí oníbàárà ńlá kan kí ààwẹ̀ tó wọlé, a ó pa èkejì náà. Ẹ má tíì jẹ́ kí Màámi gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fóònù dún. Ìyáàfin Adékẹ́yẹ ni orúkọ obìnrin tó pè, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan, kò tíì pẹ́ tó ti Ìbàdàn dé. Ó fẹ́ kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí etí òkun lọ́jọ́ Sátidé, ó ń wá búrẹ́dì tí wọn yóò jẹ níbẹ̀. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á máa gba tiwa fún ilé-ẹ̀kọ́ títí lọ. Gbogbo wa kóra jọ sídìí fóònù, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí búrẹ́dì yẹn ní ọ̀rá rárá o. Kékeré báyìí, mi ò fẹ́. Ọ̀rá ló ń ba ayé àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́."

"A ti gbọ́, mà!" Rìsí dáhùn. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló yíjú sí wa. "Ó ní kò fẹ́ bọ́tà."

Màámi ní, "Tíì búrẹ́dì ló ń wá nìyẹn. Bọ́tà rẹ̀ kì í pọ̀."

"Màámi, ó ní kékeré báyìí kò fẹ́. Ó dà bíi pé dókítà ló kìlọ̀ fún un."

Bí a ṣe ṣe búrẹ́dì láìsí ọ̀rá nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. A kò tilẹ̀ fi òróró pa páànù. Búrẹ́dì lẹ̀ mọ́ páànù bí ìgbín mọ́ igi, ọ̀bẹ la fi yọ wọ́n. Èmi ní tèmi, mo ní n ó bu ọlá fún oníbàárà ńlá. Rọ́bà tó dán jù ní Tudu ni mo lọ rà. Mo di ìkọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po méjì, mo so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Dàńṣíkí lábẹ́, agbádá lókè.

Ọkọ̀ táàsì la fi gbé e lọ. Bí a ṣe dé etí òkun, mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n tò lọ bí èèrà, olúkúlùkù pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí lọ́wọ́. Wọ́n ń ṣa rọ́bà nínú iyanrìn. Ìdí tí wọ́n fi wá nìyẹn. Èmi sì ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, oòrùn bọ́ sára ẹrù mi, gbogbo rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì.

Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ figbe ta sí ọ̀gá wọn: "Mọ́mì! Bàbá yìí tún kó rọ́bà wá!"

Ìyáàfin Adékẹ́yẹ súnmọ́ wa. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Kí lẹ gbé wá yìí?"

"Búrẹ́dì yín ni, mà. Kò ní ọ̀rá rárá."

"Kò ní ọ̀rá báwo?" Ó fi ìka méjì fa ríbọ́ọ̀nù. "Kí wá lèyí?"

"Rọ́bà ni, mà."

"Ọ̀rá nìyẹn, Bàbá!"

"Rárá o, mà. Bọ́tà ni ọ̀rá. A ò fi bọ́tà sí i. A ò tilẹ̀ fi òróró pa páànù."

Ó wò mí. Ó tú búrẹ́dì kan jáde nínú agbádá àti dàńṣíkí rẹ̀, ó fi kan ara ọkọ̀. Kó, kó, kó. Awakọ̀ táàsì yọrí jáde, ó ní, "Alata," bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Accra nìyẹn, "ṣé ilé lẹ fẹ́ fi kọ́ ni?" Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi jókòó sórí iyanrìn. Ìyáàfin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀.

"Bàbá, mo bá yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ń wò wá. Mi ò lè kó wọn wá ṣa ọ̀rá kí n tún pín ọ̀rá fún wọn."

Bí wọ́n ṣe tú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ ń fa ríbọ́ọ̀nù já, wọ́n ń ki rọ́bà mi bọ àpò ìdọ̀tí, lórí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iyanrìn. Tuntun kò yàtọ̀ sí àlòkù mọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń rí búrẹ́dì bó ṣe ń kúrò lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ibi tí aṣọ rẹ̀ ń lọ.

Wọ́n ń fi tíì gbígbóná rẹ búrẹ́dì náà kí eyín má baà kán. Mo lọ bá ìyáàfin náà.

"Ẹ fún wa láyè kan sí i, mà."

Ó rò ó wò. "Àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà máa ń gba búrẹ́dì ní Jímọ́ọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ di Àìkú. Ní Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mú èyí tí kò ní rọ́bà wá, ẹ gbọ́ o, rọ́bà ni mo pè é, tó ṣì máa rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Bí kò bá rọ̀, mi ò ní lè rà á."

Nígbà tí mo délé sọ ọ́, Rìsí kawọ́ lérí. Màámi ní tiwọn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di àga mú. "Ẹyin lohùn," wọ́n ní, "ó ti fọ́ báyìí. Ẹ gbé agbada kaná, ká dín in jẹ."

Pépà aláwọ̀ kòkó ni mo kọ́kọ́ padà sí. Búrẹ́dì náà kò dé ọjọ́ kejì tó fi gbẹ bí ètè aláàwẹ̀. Mo rí pépà mìíràn ní Tudu, ó funfun, inú rẹ̀ ń dán. Mo fi dì í, ó rọ̀ di ọjọ́ kẹta! Mo wọ ọkọ̀ trotro, mo gbé e lọ han ìyáàfin náà, mò ń fò fẹ̀rẹ̀. Ó fi pépà náà sómi, ó jókòó tì í, ó bá mi sọ̀rọ̀ nípa Ìbàdàn. Nígbà tí pépà rọ̀, ó bó o, awọ wẹ́lẹ́ kan sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Pépà yìí wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Rọ́bà ni àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ó ti tan èmi náà jẹ rí."

Mo ní, "Ha, kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́." A jọ rẹ́rìn-ín, mo padà sílé. N kò sùn lé e. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi di búrẹ́dì, pépà kan kò ní fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Obìnrin kan ń ta waakye nítòsí wa, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Mẹ́múnà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Hausa. Ewé ló fi ń bu oúnjẹ rẹ̀ fún ènìyàn, irú ewé gbàǹgbà tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín nílé. Mo lọ bá a pé kó tà lára rẹ̀ fún mi.

"Wallahi," ó ní, "Bàbá Onírọ́bà! Ìwọ tó ń fi ewé wa ṣe yẹ̀yẹ́! Búrẹ́dì lo fẹ́ fi ewé dì? Lọ́la, wàá tún wá gba ewé tí wàá fi di bàtà."

"Tà á fún mi, jàre. Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó."

"Èmi ò mọ iyán. Ewé rẹ rè é."

Mo fi ewé tútù di búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kejì, ó rọ̀ mùkẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo tú u, ó ti bu, irun aláwọ̀ ewéko ti hù lára rẹ̀. Jímọ́ọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó ti ààrò, ewé kan lọ́wọ́ mi, n kò mọ ohun tí n ó ṣe. N kò mọ ìgbà tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ewé náà, bí mo ti ń ṣe sí búrẹ́dì. Ó tutù. Omi wà lára rẹ̀.

Ewé náà ń làágùn! Gbogbo ìgbà tí mò ń dúró kí búrẹ́dì gbẹ òógùn rẹ̀, aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ fún un ló ti rin gbingbin.

Mo nu ewé ní ìkọ̀ọ̀kan. Mo tẹ́ wọn sórí ààrò lẹ́yìn tí iná rẹ̀ ti rọlẹ̀, wọ́n rọ wọ̀ọ̀, wọn ò gbẹ débi tí wọ́n á fọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n tutù. Búrẹ́dì náà tutù, bọ́tà sì wà nínú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ewé nínú, pépà aláwọ̀ kòkó níta, okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ni mo fi so ó. Ìka mi kò gbàgbé bí a ṣe ń ṣẹ́ igun pépà. Màámi gbà á, wọ́n gbé e sí imú.

"Ó gba òórùn ewé, Táù. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, ọṣẹ ló ń dà. Ṣé àwọn ọmọ yẹn á jẹ ẹ́?"

Ìbẹ̀rù mi nìyẹn. Ó lè rọ̀, kó má bu, kí ọmọ sì yínmú sí i. A gbé e lọ ní Jímọ́ọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti Rìsí lọ, a dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìjẹun bí ẹni ń dúró de adájọ́. Ìyáàfin Adékẹ́yẹ mú èyí tó kẹ́yìn, ó tú okùn, ó ṣí ewé. Kò sí irun lára rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ jìn wọlé. Rìsí di apá mi mú. Díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí lójú oorun, ojú ibẹ̀ dìde padà.

Ó bù ú fún ọmọbìnrin tó pariwo mi létí òkun. Ọmọ náà gbé e símú. Ó fajú ro.

"Ó ń rùn bíi waakye!"

Ọmọ náà bù ú jẹ, ó jẹ, ó gbé e mì, ó wo ojú ìyáàfin náà.

"Mọ́mì, ṣé ṣítọ̀ wà?"

Ata dúdú tí wọ́n ń jẹ mọ́ waakye ni ṣítọ̀. Gbogbo ilé ìjẹun bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ọwọ́. Ìyáàfin náà yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ máa gbé e bọ̀ ní gbogbo Jímọ́ọ̀. Ẹ bá mi kí Màámi."

A tún dá iná ààrò kejì. N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dùn. Nígbà ọyẹ́, ewé a máa wọ́n, a ó máa wá a kiri láti Kaneshie dé Agbogbloshie. Àwọn oníbàárà kan ṣì ń bèèrè rọ́bà, Rìsí á ní kí wọ́n mú àpò aṣọ wá láti ilé. Àwọn míì bínú lọ. Ilé búrẹ́dì ńlá yẹn ṣì ń kó rọ́bà jáde láràárọ̀, gọ́tà Kaneshie sì ń pọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tiwa kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá rìn kọjá níbẹ̀, mo máa ń wò ó dáadáa.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo ń fi bí a ṣe ń ṣẹ́ igun pépà han ẹni tó gba ipò mi, fóònù dún. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, ó fẹ́ búrẹ́dì púpọ̀ fún ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun nípa wa, pé èyí tí kò ní ọ̀rá lòun ń fẹ́.

Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun dúró. Ẹni tó ń ṣọ́ ààrò dúró. Rìsí fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́ ẹnu.

"Ọ̀rá wo, sà?"

Kí ọkùnrin náà tó dáhùn, Màámi ti ké láti orí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà: "Bi í dáadáa! Èyí tí a ń jẹ ni, àbí èyí tó ń jẹ wá?"